Ẹni tó bi onílù léèrè

Nígbà tí ogun Bìáfúrà parí ní 1970, àwọn ọ̀dọ́ gbé gìtá, wọ́n dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀. Aba ni The Funkees ti bẹ̀rẹ̀. Ó di 2016 kí Uchenna Ikonne tó ṣe ìwé lórí ìran olórin yẹn, Wake Up You!

Tony Allen, tó lu ìlù fún Fela, sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún Michael Veal; ìwé jáde ní 2013. Allen kú ní 2020. Ká ní Veal kò béèrè ńkọ́?

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tẹ ìwé méjèèjì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ wọ́n. Ẹ̀yin tí bàbá yín lu ìlù rí, ẹ bi í léèrè lónìí, ní èdè rẹ̀. Àwo orin mọ orin í kọ. Kò mọ ìbéèrè í dáhùn.