Àǹfààní Wo Ló Wà Nínú Àìníṣẹ́?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n ń tọ́jú arúgbó ní Kalifọ́níà, pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ló dá wọn dúró, ó tún wá kọ̀wé sí ìjọba pé fúnra wọn ni wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí n gbọ́ àkọlé ìwé kan tí ẹnì kan bá wọn tú sí Yorùbá: “Ìjìyà fún Ìtànjẹ Agbanisíṣẹ́ nípa Àǹfààní Àìníṣẹ́.”

“Àbúrò mi, àǹfààní wo ló wà nínú kéèyàn máà níṣẹ́?”

Ẹ̀rín ń pa mí, inú sì ń bí mi. Ẹni tó tú ìwé yẹn ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ó wá “benefit” nínú rẹ̀, ó bá àǹfààní pàdé, ó gbé e, ó ń lọ.

Ohun tí òfin wí kò le. Abala 1142 nínú òfin adójútòfò àìríṣẹ́ṣe ti Kalifọ́níà ní kí agbanisíṣẹ́ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ nípa bí òṣìṣẹ́ ṣe kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun tó ṣe kókó pa mọ́, san owó ìtanràn: ìlọ́po méjì, ó kéré tán, sí ìlọ́po mẹ́wàá owó adójútòfò tí òṣìṣẹ́ náà ń gbà lọ́sẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ọ̀sẹ̀ ọ̀hún kì í ju dọ́là 450 lọ níbẹ̀. Irọ́ kan lórí ẹni tó ń gba iye yẹn á ná ọ̀gá ní dọ́là 900 sí 4,500.

Mo wá ní kí n tún ìwé náà tú. Agbanisíṣẹ́, òṣìṣẹ́, abala, ìlọ́po: kò sí ìjà níbẹ̀. Mọ̀ọ́mọ̀ tilẹ̀ ń wú mi lórí. Àwọn lọ́yà a máa fi ojú ìwé rẹpẹtẹ ya ẹni tó ṣèèṣì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ti gbèrò rẹ̀. Àwa mú mọ̀, a pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Ìtànjẹ ni mi ò lè gbà. Ọ̀rọ̀ olólùfẹ́ nìyẹn. Èyí tó bá ti kan owó, jìbìtì ni.

Orúkọ owó náà gan-an ni wàhálà. Àwọn kan ní owó ìrànwọ́ aláìníṣẹ́. Mo kọ̀ ọ́, nítorí kì í ṣe sàárà. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá a, lórí dọ́là 7,000 àkọ́kọ́ tó bá san fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́dún. (Owó orí pọ́ńbélé nìyí, tí wọ́n ń ka orí gbà! Èyí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù wa ò jẹ́ orúkọ yẹn tó o.) Adójútòfò ni, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún tú: ohun tó ń dójú ti òfò. Ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ kò wo ẹnu òyìnbó. Ohun tí nǹkan náà ń ṣe ló wò.

Àìríṣẹ́ṣe ńkọ́? Ó yẹ ọmọ tó jáde yunifásítì, tó ń gbé ìwé ẹ̀rí kiri Ìbàdàn. Ìyẹn kò tíì rí iṣẹ́. Ẹni tí òfin Amẹ́ríkà yìí ń wí ti níṣẹ́ rí. Iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ gbọ́ bọ́ yẹn dáadáa. Ẹni tó ju àwo mọ́lẹ̀ ní ẹjọ́ í rò. Ẹni tí àwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, “pẹ̀lẹ́” là ń kí i. Gbogbo irọ́ ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi kò ju pé ó sọ bọ́ di jù. Nítorí náà, owó-iṣẹ́bọ́ ni mo fọwọ́ sí. Àìmọwọ́mẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ ti wà nínú orúkọ náà kí lọ́yà tó dìde.

Ìwé yẹn tún ní “dída SUTA nù”, bí ìgbà téèyàn ń da ilẹ̀. SUTA ni wọ́n ń pe owó orí tí agbanisíṣẹ́ ń dá yẹn. Ohun tó ń pè bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n agbanisíṣẹ́ tí àwọn tó dá dúró ti pọ̀ jù, tí owó orí rẹ̀ sì ti fò sókè: á dá ilé iṣẹ́ tuntun sílẹ̀, á kó àwọn òṣìṣẹ́ síbẹ̀, kó lè máa san iye kékeré. Ìjọba àpapọ̀ ṣòfin lòdì sí i lọ́dún 2004; ní Kalifọ́níà, ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀ á san iye tó ga jù lọ, wọ́n á tún fi ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lé e.

Ìpàwọ̀dà ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn láti fi pe ọgbọ́n yìí. Ọ̀gá di ọ̀gà! Ó dùn mọ́ mi fún ọjọ́ méjì. Àmọ́ bí ọ̀gà bá pàwọ̀ dà, kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ lẹ́yìn, àwọ̀ nìkan ló ń yí. Ejò ni ẹni yìí jọ: ara ti jáde, awọ tó ti bà jẹ́ ló kù nílẹ̀ fún ìjọba. Ni mo bá sọ ọ́ di ìbọ́wọ, mo fi ṣọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi lórí WhatsApp. Kò sí àmì ohùn lórí fóònù mi.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi fèsì: “Ta ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún?”

Mo dá ọ̀gà padà.