Ọkọ̀ Tó Ń Gbọ̀n: Kí Ni Ká Pè É?

Obìnrin kan gbé ọkọ̀ dé ìsọ̀ mẹkáníìkì ní Ìlọrin, ó ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí ń gbọ̀n o." Èsì tó gbà ni pé: "Àlàájà, ṣé lórí ìdúró ni àbí lórí ìrìn? Ṣé ó ń gbọ̀n rìrì ni àbí ó ń mì jìgìjìgì?" Àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì tíì kan ṣíṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ orí eré nìkan ló ti ń gbọ̀n, taya tàbí ríìmù ni wọn yóò kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ ìgbà tí a bá tẹ bíréèkì ni, ọ̀rọ̀ kan dísìkì. Èyí tó ń gbọ̀n lórí ìdúró ló gba sùúrù.

Ṣùgbọ́n kí ni ká pe irú àrùn ọkọ̀ báyìí ní Yorùbá? Àwọn àgbà ti ṣe gudugudu méje nídìí ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Onímọ̀ èdè Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ní 1984; Ọládélé Awóbùlúyì, tó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìlọrin níbí, ṣe apá kejì ní 1990. Ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ìwé náà dá lé. Ìsọ̀ mẹkáníìkì kò sí nínú rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ká fi orúkọ ẹ̀yà ọkọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Pílọ́ọ̀gì, kọ́ìlì, nọ́sù: orúkọ tí ọmọọṣẹ́ yóò fi rà á nìyẹn. Àrùn ọkọ̀ àti ọ̀nà tí a fi ń wá a ló yẹ ká sọ lórúkọ.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń pè ní síló, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí nígbà tí a kò tẹ iná. N óò pè é ní ìyí-ìdúró. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, ó máa ń wà láàárín 600 sí 900 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ 700, sílíńdà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbiná ní ìgbà 350, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan ní yíyí méjì. Bí ọ̀kan bá kọ̀, àlàfo tó dá sílẹ̀ ni ara ọkọ̀ ń gbọ̀n sí. Àìgbiná ni mo fẹ́ ká pe èyí. Mẹkáníìkì á máa yọ wáyà kọ́ìlì lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́: èyí tí a yọ tí ìró kò yí padà, ibẹ̀ ni àìgbiná wà. Á wá gbé kọ́ìlì ibẹ̀ lọ sí sílíńdà mìíràn. Bí àrùn bá tẹ̀ lé e, kọ́ìlì ló bàjẹ́. Bí kò bá tẹ̀ lé e, pílọ́ọ̀gì tàbí nọ́sù ni ká fura sí. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò náà á kọ P0301, èyí tí a lè kà báyìí pé "àìgbiná, sílíńdà kìíní."

Síìtì ẹ́ńjìnnì, tí òun náà lè mú ọkọ̀ gbọ̀n lórí ìdúró, le díẹ̀ láti sọ lórúkọ. Rọ́bà tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti férémù ni, iṣẹ́ òṣùká ló ń ṣe láàárín ẹrù àti orí. Mo lè fi òṣùká ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó ni ọkọ̀, ṣùgbọ́n síìtì ni yóò bèèrè bó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì ní àdúgbò Táíwò ní Ìlọrin. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ síìtì.

Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá, kẹ́ ẹ tó jókòó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ gbé ìwé àti bírò lọ sí ìsọ̀.