Òjé Àlàbá Kì í Ṣe Ọmọ Ìbúgbàù

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn tó ń ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì, láti kíláàsì girama títí dé orí Facebook: ìràwọ̀ bú gbàù, wúrà já bọ́, òjé já bọ́, àwa náà sì ti ibẹ̀ wá. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ ẹ̀rí tó ta kò ó wà nílẹ̀ gbalasa ní ọjà Àlàbá, nílùú Ọ̀jọ́.

Ẹni tó bá ti Okokomaiko tàbí Ìbà wọ Àlàbá, kó yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń tú tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀ àtijọ́, elẹ́yìn ńlá. Bàbà ni wọ́n ń wá. Dígí, wọ́n á dà á nù. Bẹ́ẹ̀ dígí yẹn kún fún ìtàn. Barium àti strontium ni wọ́n pò mọ́ ti iwájú, òjé ni wọ́n pò mọ́ ti ẹ̀yìn, kí ìtànṣán má baà ba ẹni tó ń wòran. Púpọ̀ jù nínú barium ayé, àti ìpín ńlá nínú òjé, kò ti inú ìbúgbàù wá rárá.

Ní 1948, àwọn onímọ̀ físíìsì Ralph Alpher àti George Gamow sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ àgbáyé ni gbogbo èròjà ti jáde. Kò lọ títí: háídírójìn, helium àti lithium díẹ̀ ló ti ibẹ̀ wá. Ní 1957, tọkọtaya Burbidge, Fowler àti Hoyle kọ ìwé kan, wọ́n to ọ̀nà mẹ́jọ tí èròjà ń gbà jáde sínú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń fi ìwé náà búra. Ọ̀nà tó ń dún gbàù nìkan ni wọ́n sì rántí.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Iṣẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ Paul Merrill ti 1952 ló yẹ kí wọ́n máa kọ́kọ́ kà. Ní Mount Wilson, ní California, ó tú ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ pupa ńláńlá kan sí wẹ́wẹ́, ó sì rí àmì èròjà technetium níbẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe èyí tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ láyé; Segrè àti Perrier ló dá a mọ̀ ní Palermo ní 1937. Kì í pẹ́ láyé: irú èyí tó ń jáde nínú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti ṣá láàárín nǹkan bí 211,000 ọdún. Ìràwọ̀ tó ti lo ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún kò lè gbé e wá láti ìbí. Níbẹ̀ ló ti ń ṣe é, lọ́wọ́lọ́wọ́, kò sì tíì bú.

Bí ẹni ń se ẹ̀wà lórí iná tútù ni. Nútírọ́ọ̀nù kan á wọ kóró irin, ó lè tó ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí òmíràn tó wọlé, títí yóò fi di barium, títí dé òjé. Afẹ́fẹ́ ìràwọ̀ náà á wá fọ́n wọn káàkiri.

Ìdí nìyí tí àwọn ìràwọ̀ tó dàgbà jù nínú àgbájọ ìràwọ̀ wa fi ní barium tí kò tó nǹkan, tó sì jẹ́ pé ọ̀nà kánkán, níbi tí nútírọ́ọ̀nù ti ń rọ́ wọlé láìdúró, ló bí i. Àwọn tó ń sè díẹ̀díẹ̀ kò tíì débi iṣẹ́ nígbà náà.

Wúrà ńkọ́? Ọ̀nà kánkán ni tirẹ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń kán án? Ní 17 Oṣù Kẹjọ 2017, wọ́n rí àmì pé ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù méjì kọlu ara wọn. Àmì strontium hàn nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ní 2025, àwọn mìíràn tún padà wo iná ńlá tó bú jáde lára ìràwọ̀ olóòfà kan ní Oṣù Kejìlá 2004, wọ́n ní òun náà dá sí i. Kò tíì sí ẹni tó lè sọ èwo ló ní ìpín tó tóbi jù nínú wúrà tí wọ́n ń wà ní Ìtagúnmódì, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.