Okùn Tó So Ọpọlọ Pọ̀: Ìtàn Àrùn Schizophrenia

Ẹ̀yin awo àti ẹ̀yin olùwádìí, bí aláìsàn ọpọlọ bá ti dákẹ́ ariwo, ẹbí a máa yọ̀ pé ó ti tán. Ẹ wò ó lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Wọ́n rán an níṣẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan ló rántí. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò lè parí rẹ̀. Ni wọ́n bá ní ọ̀lẹ ni! A fẹ́ tọpa ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn òyìnbó ti rí i.

Emil Kraepelin, ará Jámánì, ló ya àrùn yìí sọ́tọ̀ kedere ní 1899. Dementia praecox ló pè é, ìyẹn ni pé òye ń jó rẹ̀yìn láti ìgbà èwe. Lójú tirẹ̀, ìjórẹ̀yìn yìí gan-an ni egungun àrùn náà. Láyé ìgbà yẹn kan náà ni Carl Wernicke ń kọ́ni pé àwọn okùn tó so apá kan ọpọlọ mọ́ èkejì ló tú. Àbá lásán ni o, kò sí ẹ̀rọ tó lè fi rí i. Ní 1908, Eugen Bleuler ti Zurich wá sọ ọ́ ní schizophrenia, ọkàn tó pín. Àwọn kan rò pé ẹni méjì nínú ara kan ló ń wí. Rárá o! Èrò tí kò so mọ́ra wọn mọ́ ló ń wí.

Ní 1952 ni oògùn chlorpromazine dé. Ọdún yẹn náà ni wọ́n yọ reserpine jáde lára igi Íńdíà kan tó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ. Asofẹ́yẹjẹ yìí làwọn baba wa fi ń wo wèrè. Raymond Prince kọ̀wé lé e lórí ní 1960. Àwọn oògùn wọ̀nyí mú ara rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìrántí àti ìfọkànsí kò bá a padà wálé.

Ní 1995, Karl Friston àti Chris Frith, ní London, jí àbá àtijọ́ náà dìde. Ẹ̀rọ ayàwòrán ọpọlọ ti wà nígbà náà, tó ń fi hàn bóyá apá méjì jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ fi wé ìlù: awọ kankan lè má ya, síbẹ̀ kí ìyá ìlù má gbọ́ omele mọ́. Ìwádìí púpọ̀ láti ìgbà náà rí i pé ìdè àárín iwájú ọpọlọ àti àwọn apá mìíràn kò rí bó ṣe yẹ lára ọ̀pọ̀ aláìsàn. Iwájú ọpọlọ yìí la fi ń di ọ̀rọ̀ mú títí a ó fi lò ó, òun náà la fi ń to iṣẹ́.

Ta wá ni yóò bá a to iṣẹ́? Ní Aro, Abẹ́òkúta, ní 1954, Adéoyè Lambo fi àwọn aláìsàn sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, tí yóò máa se oúnjẹ, tí yóò máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà mọ́ra. Nígbà tó yá, Ìbàdàn wà lára ìlú 9 tí àjọ WHO ti ṣèwádìí àrùn yìí. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn aláìsàn Ìbàdàn wà lára àwọn tí ara wọn yá jù. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á.