Adébáyọ̀ Adédèjì àti Àríyànjiyàn lórí Òwò, Gbèsè àti Òṣì ní Áfíríkà, 1975–1991

Ìjẹ̀bú-Òde ni a ti bí Adébáyọ̀ Adédèjì ní ọdún 1930. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì jẹ́ kọmíṣánnà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ọrọ̀-ajé láti 1971 títí di 1975. Ó wà lára àwọn tí wọ́n sapá jù lọ kí orílẹ̀-èdè 15 tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ECOWAS ní Èkó ní oṣù karùn-ún 1975. Ọdún yẹn náà ni ó di Akọ̀wé Àgbà ECA, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń bójú tó ọrọ̀-ajé Áfíríkà, ní Addis Ababa. Ó wà níbẹ̀ títí di 1991. Kókó àpilẹ̀kọ yìí ni pé òye rẹ̀ nípa orísun òṣì jinlẹ̀ ju agbára tí ó ní láti mú un ṣẹ lọ.

Lójú Adédèjì, ètò tí àwọn amúnisìn fi sílẹ̀ ni ìdí ọ̀ràn. Áfíríkà ń pèsè kòkó, òwú àti bàbà tí kì í lò, ó ń ra ohun tí kì í ṣe, òkèèrè ni a sì ti ń dá iye lé méjèèjì. Nítorí náà ni Ètò Èkó, tí àwọn olórí Áfíríkà fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin 1980, ṣe ní kí wọ́n máa bọ́ ara wọn, kí wọ́n sì máa bá ara wọn ṣòwò.

Ní 1981, Báǹkì Àgbáyé gbé ìwádìí tirẹ̀ jáde. Ó di ẹ̀bi ru ìjọba Áfíríkà: wọ́n ń rẹ́ àgbẹ̀ jẹ, wọ́n sì gbé iye owó ìlú wọn ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Àwọn àgbẹ̀ kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà mọ ohun tí àjọ tí ń ra ìrè oko ń yọ nínú owó wọn. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ilẹ̀ kòkó bá jùmọ̀ kó kòkó púpọ̀ sí i lọ sọ́jà, iye rẹ̀ yóò já wálẹ̀.

Gbèsè ni ó yanjú ìjà náà. Yorùbá mọ ìwọ̀fà: iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún olówó, èlé ni, ojú owó wà níbẹ̀ láìdín. Ipò yìí ni ọ̀pọ̀ ìjọba Áfíríkà wà nígbà tí wọ́n gba SAP, Nàìjíríà pẹ̀lú, ní 1986. Ní oṣù kẹta 1989, Báǹkì Àgbáyé kéde pé àwọn tí wọ́n gba ètò náà ń ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ. ECA ta ko ọ̀nà tí a gbà yan ọdún àti orílẹ̀-èdè tí a fi wé ara wọn, ó sì gbé ètò mìíràn kalẹ̀ lọ́dún náà, tí kò ya àtúntò nípa kúrò lára oúnjẹ, ìlera àti ẹ̀kọ́ àwọn tálákà.

Ibi tí ó kù sí ni pé àwọn ìjọba tí wọ́n fọwọ́ sí Ètò Èkó náà ni wọ́n ń fọwọ́ sí àdéhùn ìyáwó ní Washington. ECA ní ìmọ̀ràn. Kò ní owó. Adédèjì kú ní oṣù kẹrin 2018. Oṣù kan ṣáájú ni a fọwọ́ sí àdéhùn ọjà àjọṣe Áfíríkà ní Kigali. Nàìjíríà kò fọwọ́ sí i títí di 2019.