Pápá Sùúrùlérè: Ẹ Bá Wa Sọ Ohun Tí Ẹ Rí

Láti Ìlúpéjú níbí, ẹ gba Mushin, ẹ gba Ojúẹlẹ́gbà, ẹ ti dé Pápá Ìṣeré ní Sùúrùlérè nìyẹn. Àdúgbò yìí ni ìjọba kó ọ̀pọ̀ ará erékùṣù Èkó wá lẹ́yìn 1955, nígbà tí wọ́n wó ilé wọn. Ní oṣù kìíní 1973, gbogbo Áfíríkà wá ṣeré ìdárayá níbẹ̀.

Ní March 22, 1980, a na Algeria 3-0, a gba ife Áfíríkà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ọ̀kan. Ọmọ Shooting Stars Ìbàdàn ni àwọn méjèèjì. Níbẹ̀ náà ni Sam Okwaraji ṣubú lulẹ̀ ní August 12, 1989, tó sì kú.

Lẹ́yìn náà, wọ́n pa pápá tì, koríko hù. Èmi ò tíì dáyé ní 1980. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá tó wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gba ohùn yín sínú fóònù. Pápá tó bàjẹ́ ṣeé tún ṣe. Ìtàn tí a ò gbọ́ lẹ́nu yín, ta la ó tún bi?