Ọ̀fà, Ààlà Òyìnbó àti Àpótí Ìbò

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin àti àwọn alájọṣe rẹ̀ nínú ogun Jálumi nítòsí Ìkirun. Ti Ìbàdàn ni Ọ̀fà ń ṣe. Àwọn àgbà ìtàn sọ pé àwọn ará Ọ̀fà ló wó afárá odò Ọ̀tìn tí ọmọ ogun Ìlọrin ìbá gbà sá, ọ̀pọ̀ wọn sì bómi lọ. Ìlọrin kò gbàgbé. Balógun Karara dó ti Ọ̀fà fún ọdún púpọ̀, ìlú náà sì fọ́ ní nǹkan bí ọdún 1890.

Ní 1893, Gómìnà Gilbert Carter gòkè wá láti Èkó, ó sì ṣe é tí Ìbàdàn àti Ìlọrin fi tú àgọ́ ogun wọn ká. Ní oṣù kejì ọdún 1897, Royal Niger Company fi ìbọn ńlá ṣẹ́gun Ìlọrin. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yìí ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900, Ìlọrin bọ́ sí Àríwá. Ọ̀fà, tí Ìlọrin ti fi ogun kó, bá a lọ. Ọ̀kukù àti Ìkirun, tí kò jìnnà sí i, wà ní Gúúsù. Ìdàpọ̀ Àríwá àti Gúúsù ní ọdún 1914 kò pa ààlà yìí rẹ́. Rélùwéè tó gba Ọ̀fà dé Ìlọrin ní 1908 so ọjà Ọ̀fà mọ́ Ìbàdàn àti Èkó, ṣùgbọ́n abẹ́ Ìlọrin ni ẹjọ́ àti owó orí wà.

Àpérò lórí òfin ìjọba tó wáyé ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní ọdún 1950 tún gbé ọ̀rọ̀ ààlà kalẹ̀. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tó wà ní Gúúsù, béèrè pé kí a fi àwọn Yorùbá Ìlọrin àti Kàbà kún òun, Àríwá kọ̀. Ní 1952, Gómìnà Macpherson pàṣẹ pé ààlà kò ní yẹ̀.

Láti ìgbà náà, ìbò ni Ọ̀fà fi ń sọ ohun tó fẹ́. Ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, tí a ń pè ní Ọlọ́pẹ, rí alágbára nínú J. S. Ọláwóyìn, ọmọ Ọ̀fà, tó wọ ilé ìgbìmọ̀ Àríwá ní Kàdúná lẹ́yìn ìbò oṣù kọkànlá ọdún 1956. Nínú Ìlọrin gan-an, ẹgbẹ́ Tálákà Parapọ̀ dara pọ̀ mọ́ Ọlọ́pẹ, wọ́n sì gba ìgbìmọ̀ ìlú. Ìjọba Kàdúná tú ìgbìmọ̀ náà ká ní 1958. Ọdún yẹn náà ni ìgbìmọ̀ Willink, tí Gẹ̀ẹ́sì rán wá gbọ́ ẹ̀rù àwọn tí kò pọ̀ níye, jábọ̀ pé kí a má dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀ ṣáájú òmìnira.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá ọdún 1959, Nàìjíríà dìbò tó ṣáájú òmìnira. Àwọn obìnrin Ọ̀kukù dìbò, nítorí òfin Ìwọ̀-Oòrùn gbà wọ́n láyè; àwọn obìnrin Ọ̀fà kò dì í, nítorí ọkùnrin nìkan ni òfin Àríwá mọ̀. Lẹ́yìn ìbò náà, ẹgbẹ́ òṣèlú NPC tó ń ṣàkóso Àríwá ló mú Olórí Ìjọba àpapọ̀ wá.

Ìjọba ológun ló pín Àríwá. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1967, Gowon dá ìpínlẹ̀ méjìlá sílẹ̀. Ọ̀fà bọ́ sínú èyí tó di Kwara, Ìlọrin sì ni olú-ìlú rẹ̀. Ọdún 1979 ni obìnrin Ọ̀fà kọ́kọ́ dìbò láti yan ìjọba àpapọ̀. Ní 1983, UPN, àrọ́mọdọ́mọ Ọlọ́pẹ, gba ipò gómìnà Kwara pẹ̀lú Cornelius Adébáyọ̀. Oṣù mẹ́ta péré ló lò kí ológun tó gbàjọba ní ọjọ́ tó parí ọdún náà.

Ní 2019, igbe "Ó tó gẹ́" gba Kwara kan, ó sì gba ìjọba ìpínlẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn ìdílé olóṣèlú Saraki. Nínú ìbò yẹn ni Gúúsù Kwara rán Lọlá Àṣírù, ọmọ Ọ̀fà, lọ sí ilé aṣòfin àgbà l'Ábújá. Lọ́dún 1950, ìhà wo ni Ọ̀fà yóò wà ni ìbéèrè. Ní 2019, ta ni yóò ṣàkóso láti Ìlọrin ni. Ààlà ọdún 1900 ṣì ni ó pín Kwara níyà sí Ọ̀ṣun, ìpínlẹ̀ tí Ọ̀kukù àti Ìkirun wà, níbẹ̀.